Ẹnu U-turn tí kò dojú kọ àdúgbò: àkọsílẹ̀ àtúnṣe oríta kan lórí OpenStreetMap

Awakọ̀ kan ń bọ̀ láti àríwá, ó fẹ́ wọ àdúgbò tó wà lápá òsì rẹ̀. Áàpù ní kó yà sí òsì. Ó dé ọ̀gangan ibi tí áàpù wí, kọ́ńkérè ló bá níbẹ̀. Ẹnu U-turn kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọjá rẹ̀ ní mítà 18 sẹ́yìn. Ká tilẹ̀ ní ó gbabẹ̀, kò lè dé ẹnu àdúgbò náà àfi tó bá gba one-way, kó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn ń jáde láti inú àdúgbò yẹn kan náà, gúúsù lòun ń lọ. Áàpù pàṣẹ mẹ́rin fún un láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje: yà sí ọ̀tún díẹ̀, dúró lápá òsì, yà sí òsì díẹ̀, yà sí òsì. Kó tó gbọ́ èkejì tán, ó ti fẹ́ kọjá ibi tí ẹ̀kẹta wà.

Máàpù kan náà làwọn méjèèjì ń lò, OpenStreetMap, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ọ̀kan kọ́ ló ṣe èkejì. Ẹnìkan ti sọ òtítọ́ ilẹ̀ nù nítorí kí áàpù lè rọrùn. Òun ló kó bá awakọ̀ àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn sì ti ya gbogbo ibi tí táyà lè tẹ̀. Ìyẹn ló da awakọ̀ kejì rú. Bí a ṣe tú àṣìṣe méjèèjì, tí a sì tún oríta náà yà, ni a kọ síhìn-ín.

A ò dárúkọ oríta náà, nítorí irú rẹ̀ kún ojú títì wa ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni a kó jọ sójú kan, ìwọ̀n tí a lò sì jẹ́ irú èyí tí ẹni tó bá gbé téèpù dé irú ibẹ̀ máa bá.

Bí ilẹ̀ ṣe rí

Títì ńlá náà lọ láti àríwá sí gúúsù, kọ́ńkérè sì pín in sí méjì. Apá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 7.3, ìyẹn ojú ọ̀nà ọkọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3.65. Kọ́ńkérè àárín fẹ̀ ní mítà 3. Tí a bá wọ̀n ọ́n láti àárín apá kan dé àárín apá kejì, mítà 10.3 ni. Ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà apá tó wà ní ìlà-oòrùn ló ń lọ sí àríwá, èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ sí gúúsù.

Ọ̀nà àdúgbò fẹ̀ ní mítà 6. Láti ìlà-oòrùn ló ti wá, ó sì pàdé apá tó ń lọ sí àríwá. Ẹnu U-turn gùn ní mítà 10, mítà 18 ló sì fi wà sókè ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà, lọ́nà àríwá. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó kọ́ títì. Tí ẹnu U-turn bá dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an, ọkọ̀ á máa gé apá méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ti ń gé ara wọn kọjá báyẹn ni ìjàǹbá ti máa ń le jù. Ní gúúsù, ní mítà 640 sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò, ẹnu U-turn mìíràn tún wà. Láàárín àwọn méjèèjì, nǹkan bí mítà 90 sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti fọ́ kọ́ńkérè níbì kan tó fẹ̀ ní mítà 1.2, ẹlẹ́sẹ̀ ń gbabẹ̀, ọ̀kadà náà ń yọ́ gbabẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, service lane kan ń bá títì rìn, kòtò ìdọ̀tí ló là wọ́n láàárín, mítà 9 sì ni láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì.

Ohun tí a bá lórí máàpù

Ọwọ́ mẹ́ta ló ti kan oríta yìí. OpenStreetMap máa ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà èèyàn lè rí bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ fa ọ̀nà àdúgbò gùn. Ó gbé e gba inú kọ́ńkérè kọjá, ó sì so ó mọ́ apá tó ń lọ sí gúúsù, kí áàpù lè sọ pé “yà sí òsì” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mítà 10.3 péré ni ìlà irọ́ yẹn, òun sì ni gbogbo wàhálà awakọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹni kejì rí i pé nǹkan kò dára. Dípò kó yọ ìlà náà, ó kọ relation ìdènà lé e (relation ni àkọsílẹ̀ tó so ìlà mélòó kan pọ̀ fún ìdí kan), no_left_turn, kí ẹni tó ń bọ̀ láti àríwá má baà yà níbẹ̀. Ìdènà náà kò ṣiṣẹ́. Ìlà tí a bá pè ní from (ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀) gbọ́dọ̀ parí síbi via (ibi tó ti yà), èyí tí a bá pè ní to (ibi tó ń lọ) sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni kejì kò gé ìlà títì ńlá níbi tí ìlà irọ́ ti pàdé rẹ̀. Ìlà náà gba ibẹ̀ kọjá lọ gbọọrọ, relation kò sì péye mọ́. Ẹ̀rọ aṣírò-ọ̀nà tó bá pàdé irú èyí lè fojú fò ó pátápátá.

Ẹni kẹta ní ìfẹ́ iṣẹ́, èyí sì hàn. Ó ya ẹnu U-turn pẹ̀lú ìlà mẹ́rin tó tẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà yí kọ̀ọ̀kan, kókó 14 ló sì wà nínú ibi tí kò gùn ju mítà 10 lọ. (Kókó ni ibi tí ìlà ti tẹ̀ tàbí tí ìlà méjì ti so pọ̀, àwọn tó ń ya máàpù ń pè é ní node.) Ó la ẹnu ọ̀nà àdúgbò sí méjì bí ẹsẹ̀ ẹ̀ka igi, ọ̀kan fún wíwọlé, ọ̀kan fún jíjáde, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́ńkérè kankan tó pín wọn nílẹ̀. Ó tún ti service lane ní mítà 4 sí ìwọ̀-oòrùn, kí fóònù má baà gbé ẹni tó wà lórí service lane sórí títì ńlá. Kò yọ ìlà irọ́ ti ẹni àkọ́kọ́.

Ẹnu U-turn ti gúúsù, èyí tó wà ní mítà 640, kò sí lórí máàpù rárá. Èyí tó tún wà lórí máàpù lẹ́yìn rẹ̀ fi kìlómítà 2.3 jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò.

Ìdí tí ìlà fi ń da áàpù rú

Lójú ẹ̀rọ tó ń ṣírò ọ̀nà, títì kì í ṣe ọ̀dà àti kọ́ńkérè. Okùn ni, tí a so pọ̀ ní kókó. Níbikíbi tí ìlà méjì bá ti jọ ní kókó kan, ẹ̀rọ gbà pé ọkọ̀ lè bọ́ láti orí ọ̀kan sí orí èkejì, àyàfi tí oneway (àmì pé apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń dojú kọ) tàbí ìdènà bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kọ́ńkérè kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Tí a kò bá so okùn, ọ̀nà kò sí. Tí a bá so ó, ọ̀nà ti là nìyẹn, ì báà jẹ́ inú ògiri ló gbà.

Ohun tí áàpù máa sọ tún kù. Ní kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ máa ń wọn igun tó wà láàárín bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Tí igun bá kéré, ó lè dákẹ́, tàbí kó ní “dúró lápá ọ̀tún.” Tó bá tó ìwọ̀n díẹ̀, á ní “yà sí ọ̀tún díẹ̀.” Tó bá sún mọ́ dígírì 90, á ní “yà sí ọ̀tún.” Ibi tí ààlà wọn wà yàtọ̀ láti áàpù kan sí èkejì. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń wo iwájú díẹ̀ kí wọ́n tó wọn igun. Àwọn mìíràn kì í wò kọjá kókó tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà láti itòsí. Ọ̀nà yẹn ń bọ̀ gbọọrọ láti ìlà-oòrùn, kò yẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kókó tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn wà ní sẹ̀ǹtímítà 64 sí ìlà-oòrùn ibi ìpàdé, ọwọ́ sì ti tì í sí gúúsù ní sẹ̀ǹtímítà 64 mìíràn. Ní zoom 18 (ìwọ̀n bí a ṣe sún àwòrán mọ́ra tó), níhà ọ̀dọ̀ wa, píksẹ́lì kan lórí àwòrán sátẹ́láìtì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 59 lórí ilẹ̀. Àṣìṣe náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ píksẹ́lì kan lọ. Ojú kò lè rí i tí èèyàn kò bá sún un mọ́ra gidigidi. Síbẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, wá dojú kọ àríwá ìwọ̀-oòrùn dípò ìwọ̀-oòrùn. Yíyà sí ọ̀tún tó yẹ kó jẹ́ dígírì 90 di 45. Ibẹ̀ ni “yà sí ọ̀tún díẹ̀” ti wá. Bí kókó bá ṣe súnmọ́ ara wọn tó ni àṣìṣe kékeré ṣe ń yí igun padà tó: sẹ̀ǹtímítà 64 yẹn kan náà, lórí ìlà tó gùn ní mítà 12, kò tó dígírì 4.

Nígbà kan rí, lórí áàpù Waze, àwọn tó ń tún máàpù ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ìtẹ̀ kékeré yìí lẹ́bàá oríta kí áàpù lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kó tó di pé wọ́n rí irinṣẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ tí áàpù máa sọ ní tààrà. Ọgbọ́n yẹn bá ibẹ̀ mu, nítorí máàpù Waze ní áàpù kan tí a ń yà á fún. OpenStreetMap kò rí bẹ́ẹ̀. Áàpù OsmAnd ń kà á, Organic Maps náà ń kà á, àwọn ẹ̀rọ aṣírò-ọ̀nà bí OSRM, GraphHopper àti Valhalla ń ṣírò lórí rẹ̀, àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àwọn mìíràn sì ń fi wọn ibi tí omi ẹ̀rọ máa gbà. Ìtẹ̀ tó mú kí áàpù kan sọ̀rọ̀ dáadáa á mú kí òmíràn ṣìnà. Ìdí nìyí tí òfin àtijọ́ kan fi wà láàárín àwọn tó ń ya OpenStreetMap pé kí ẹnikẹ́ni má ya máàpù nítorí bó ṣe máa hàn nínú áàpù kan.

Òótọ́ ni òfin yẹn, àmọ́ kì í ṣe àwáwí fún iṣẹ́ ẹni kẹta. Ìlà tí a ń fà kì í ṣe àwòrán ọ̀dà. Ìlà kan ló dúró fún àárín apá títì kan. OpenStreetMap ń tọ́jú ipò kókó títí dé ẹsẹ̀ keje lẹ́yìn ojúàmì, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, àmọ́ fóònù tó ń gba GPS níta gbangba ṣì lè fi nǹkan bí mítà 5 yẹ̀. Kókó 14 nínú mítà 10 ń ṣe bí ẹni mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.

Èrò wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ìlà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí kọ́ńkérè wà àti ibi tó ti là. Ibi tí ilẹ̀ kò bá ti sọ nǹkan kan pàtó, bí ibi tí kókó tó kẹ́yìn máa wà, tàbí bí ìlà méjì ṣe máa fi díẹ̀díẹ̀ yà kúrò lára ara wọn, ibẹ̀ nìkan la ti lè ro ti áàpù, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Àtúnṣe náà

Àwòrán sátẹ́láìtì la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwòrán Bing àti ti Esri lè fi mítà mélòó kan yẹ̀ síra wọn lórí ibì kan náà, kí èèyàn tó mọ̀, ó ti ti gbogbo àdúgbò sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ṣí ipa GPS tí àwọn èèyàn ti fi sílẹ̀, a wá àwọn tó gba apá méjèèjì títì, a sì wo bóyá kọ́ńkérè inú àwòrán bọ́ sí àárín wọn. Ipa kan ṣoṣo kò tó. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gba ibi tí kò sí ilé gíga ni kí ẹ lò. Nínú iD, irinṣẹ́ àtúnṣe máàpù orí wẹ́ẹ̀bù, ẹ tẹ B kí ẹ tó rí ibi tí a ti ń sún àwòrán. Nínú JOSM, irinṣẹ́ kejì tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, abẹ́ Imagery ló wà. Àwòrán la ń sún bá ipa, a kì í sún títì bá àwòrán.

A kò pa oríta náà rẹ́ ká tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló yá jù, àmọ́ ìtàn ìlà á sọ nù, relation ìlà bọ́ọ̀sì tó gba títì ńlá á sì já. A gé ọ̀nà àdúgbò níbi tó ti pàdé apá tó ń lọ sí àríwá (X nínú iD, P nínú JOSM), a wo àwọn relation tó wà lára mítà 10.3 tó kù, a yọ no_left_turn ti ẹni kejì, lẹ́yìn náà la tó yọ ìlà irọ́ náà. Ẹ má yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yìí padà. Tí ìlà bá lọ ṣáájú relation, relation tó kù á di òkú tí ẹlòmíràn máa bá, tí kò ní mọ ohun tó wà fún.

Ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, a kó ẹ̀ka méjèèjì di ìlà kan. Ibi tí kò bá sí kọ́ńkérè tàbí erékùṣù àárín, a kì í la ọ̀nà sí méjì, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó. A yọ kókó tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 90 yẹn, a sì fi kókó tó ṣáájú sí mítà 12 sẹ́yìn, ní àárín ọ̀nà gan-an. Igun padà di 90.

Ẹnu U-turn wá di ìlà kan tó gbọọrọ, kókó méjì péré, ọ̀kan lórí apá kọ̀ọ̀kan, ó sì dábùú títì ní dígírì 90. highway=primary_link (ìlà tó so apá títì ńlá pọ̀) la fún un, nítorí primary ni títì ńlá. A kò fún un lórúkọ. Tí a bá fi orúkọ títì sí i, áàpù lè máa ka orúkọ náà jáde ní àárín ìyípo, nígbà tí etí awakọ̀ ń wá ohun mìíràn. A kò fi oneway sí i, nítorí ẹni tó ń lọ sí àríwá àti ẹni tó ń lọ sí gúúsù jọ ń lo ojú kan náà, kò sí ohun tó pín wọn. Kókó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlà méjèèjì, kó má kàn gùn lé e. Èyí wọ́pọ̀: lójú, ìlà ti kan ara wọn, àmọ́ okùn kò so. Validator JOSM, ìyẹn ayẹ̀wò-àṣìṣe inú rẹ̀, máa ń kìlọ̀ tí òpin ìlà bá wà nítòsí títì mìíràn láì so mọ́ ọn. Ẹ má fi ìkìlọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ìdí tí a fi yan ìlà gbọọrọ ni pé ẹ̀rọ á rí òsì 90 àti òsì 90 láàárín mítà 10, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì mọ̀ pé U-turn ni, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ kọ́ nìyí. Ẹnu náà dábùú títì nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí táyà ṣe ń tẹ̀ nínú rẹ̀ ni a fi sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé kò yẹ ká fi no_u_turn síbi tí ìjọba bá gbé àmì rẹ̀ sí. Ó yẹ, tí àmì bá wà. Àmọ́ ibi tí èèyàn ti sábà máa ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n máa ń fi ẹyọ kókó kan ṣe via. Ní kókó yẹn, ọkọ̀ kò yí padà. Ó kàn yà sí òsì ni, nítorí náà ìdènà náà kò dí ohunkóhun. Via gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà ẹnu U-turn fúnra rẹ̀: from ni apá kan, via ni ẹnu náà, to ni apá kejì. Lórí oríta yìí kò sí àmì, a kò sì fi ìdènà kankan sí i. Oneway tó wà lórí apá méjèèjì ti tó.

Títì ńlá tẹ̀ lókè ẹnu U-turn. Ẹ ronú pé títì tó tẹ̀ jẹ́ etí òbírí kan: tí àárín òbírí yẹn bá jìnnà tó mítà 200, tí a sì fi kókó sí mítà 30-30, ìlà tó gbọọrọ láàárín kókó méjì kò ní fi ju sẹ̀ǹtímítà 57 lọ yẹ̀ kúrò lójú títì. Ìyẹn tó. Fún ibi tó tẹ̀ gan-an, tí àárín òbírí rẹ̀ kò ju mítà 30 lọ, ẹ fi kókó sí mítà 10-10, kò ní yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 42 lọ. Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ fi gígùn àárín kókó méjì ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí ìlọ́po mẹ́jọ jíjìn àárín òbírí. Tí kókó bá ti pọ̀ jù, Simplify Way inú JOSM (Shift+Y) á dín wọn kù, ṣùgbọ́n mítà 3 ni àyè àṣìṣe tó ń bá a wá. Mítà 3 ni fífẹ̀ kọ́ńkérè àárín wa! Ó lè gbé ìlà títì lọ sẹ́bàá kọ́ńkérè. A sọ ọ́ di mítà 0.5 ká tó tẹ̀ ẹ́.

Níbi tí kọ́ńkérè ti parí lókè, tí apá méjèèjì di títì kan, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ní mítà 5.15 kó tó kan èkejì. Ẹni kẹta ṣe é láàárín mítà 5, igun sì di nǹkan bí dígírì 46. Áàpù ń sọ pé “yà sí ọ̀tún díẹ̀” fún ẹni tó ń lọ gbọọrọ. A fà á sí mítà 30, igun di nǹkan bí 10, áàpù sì dákẹ́. Ọkọ̀ náà kì í já lójijì nílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sún kúrò nídìí kọ́ńkérè. Òtítọ́ ilẹ̀ àti ìrọ̀rùn áàpù bá ara wọn mu níbí láìjà.

Service lane, a dá a padà sí mítà 9. Bí ẹni kẹta ṣe tì í, orí ọgbà àwọn ilé ló ń gbà, ẹnu géètì sì ti bọ́ sí òdì-kejì ọ̀nà. Fóònù lè ṣì ṣi àwọn méjèèjì mú fún ara wọn, nítorí apá ibì kan náà ni wọ́n dojú kọ, mítà 9 kò sì jìnnà sí àṣìṣe GPS. Ohun tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ ni pé gbogbo ibi tí service lane ti wọ títì ńlá nílẹ̀ wà lórí máàpù, ibi tí kò ti wọ̀ ọ́ kò sì sí, kí áàpù tó bá ṣìnà lè rí ọ̀nà padà ní ibi tó tọ́.

Ibi tí ọ̀kadà ń yọ́ gbà di highway=footway, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mítà 1.2 jẹ́ píksẹ́lì méjì ní zoom 18. Nínú àwòrán, ó jọ ẹnu U-turn kékeré, ẹni tí kò bá débẹ̀ rí lè fún un ní primary_link. Ẹnu U-turn gidi tó gùn ní mítà 10 tó píksẹ́lì 17.

Ẹnu U-turn ti gúúsù ló gba iṣẹ́ jù, nítorí àwòrán nìkan kò tó. Ẹnu lè hàn nínú àwòrán kí wọ́n ti fi dúrọ́ọ̀mù tàbí kọ́ńkérè dí i láti ọdún tó kọjá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbabẹ̀, kó wo bóyá ó ṣí, bóyá ọkọ̀ láti apá méjèèjì ló ń lò ó, bóyá àmì kan wà. Lẹ́yìn náà la yà á bíi ti àkọ́kọ́, a sì fi check_date sí i pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wò ó, kí ẹni tó bá ń bọ̀ mọ bí ìròyìn náà ṣe pẹ́ tó.

Ìdánwò

Ìrìn mẹ́jọ ló wà ní oríta yìí: gbọọrọ méjì, U-turn méjì, wíwọ àdúgbò láti apá méjèèjì, jíjáde sí apá méjèèjì. Gbogbo mẹ́jọ la dán wò lórí openstreetmap.org, pẹ̀lú OSRM, GraphHopper àti Valhalla. Ẹ má dán an wò kété tí ẹ bá fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àwòrán máàpù lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àmọ́ ẹ̀rọ aṣírò-ọ̀nà ní àkókò tirẹ̀; ẹ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì. OsmAnd máa ń gbé máàpù tuntun jáde lóṣooṣù, nítorí náà ẹni tó ń lo fóònù lè máa bá ìlà irọ́ yẹn rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Ẹni tó ń jáde lọ sí gúúsù wá ń gbọ́ pé kó yà sí ọ̀tún, kó sì ṣe U-turn. Méjì dípò mẹ́rin. Ní ìyára kìlómítà 15 ní wákàtí kan, mítà 18 gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó sì tó fún un láti gbọ́ èkejì kó tó débẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ láti àríwá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Tí ó bá jẹ́ pé ìlà irọ́ nìkan la yọ, áàpù á gbé e lọ sí ẹnu U-turn tó wà ní kìlómítà 2.3, á sì tún gbé e padà: kìlómítà 4.6 fún ibi tó ń fojú rí. Kò ní pẹ́ kí ẹlòmíràn tó tún ìlà irọ́ náà fà, a ò sì ní lè bá a wí. Ẹnu U-turn ti gúúsù sọ 4.6 di 1.28. Oríta ni gbogbo ọwọ́ mẹ́ta ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tó sọnù wà ní mítà 640 sí i.

Àwọn tó mọ àdúgbò náà ṣì ń sọ pé 1.28 pọ̀, pé gbogbo èèyàn ló ń gba ẹnu U-turn òkè, tí wọ́n sì ń gba one-way fún mítà 18. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú wọn ní ìyára kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń gba mítà 18 yẹn kọjá kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Ẹni tó mọ àdúgbò lè mọ ìgbà tí títì dá. Àlejò tó ń gbọ́ áàpù lóru kò mọ̀ ọ́n, òun sì ni máàpù wà fún jù. A fi oneway sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tó kẹ́yìn tí a fi síbẹ̀ ni note, tag (àkọlé ara ìlà) tí áàpù kì í kà, tó jẹ́ pé ẹni tó ń tún máàpù ṣe nìkan ló ń rí i. Ìlà ẹnu U-turn òkè la kọ ọ́ sí: “Ẹnu yìí kò dojú kọ ọ̀nà àdúgbò, mítà 18 ló fi wà sókè rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti àríwá máa gba ẹnu U-turn gúúsù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọ̀nà àdúgbò gba inú kọ́ńkérè.”